Ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó gbin mángróòfù sórí ẹrẹ̀ yẹn

Mo ń kọ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó wà létí omi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń múra láti gbin mángróòfù, igi tó máa ń hù létí omi iyọ̀ yẹn, lọ́dún yìí. Wọ́n ti fún yín lówó àbí wọ́n ṣèlérí ẹ̀, báńnà ti wà nílẹ̀, tíṣọ́ọ̀tì ti dé, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín sí náà ẹ ti yàn án, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹrẹ̀ gbalasa yẹn ni, èyí tó máa ń yọ síta tí omi bá fà, tẹ́ ẹ̀ ń wò ó pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó kó igi kankan wọ ọkọ̀.

Erékùṣù tí mò ń sọ wà láàárín Apapa àti Badagry, ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké tí ọ̀sà yí ká tí òkun sì wà lẹ́yìn wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó ṣì wà lọ́wọ́. Àwórì, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ló ń gbé ibẹ̀, ẹja ni iṣẹ́ wọn, ẹni tí ò bá pa á á yan án. Ọmọ àwọn tó ń yan ẹja ni mí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo kàwé nípa ohun abẹ̀mí, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ nínú prójẹ́ẹ̀tì yìí, kí n máa ka ẹyẹ, kí n sì máa kọ iye igi tó bá yè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ẹni tí ò bá mọ omi ò lè mọ ohun tó ṣe wá. Omi ọ̀sà wa kì í dúró sójú kan, ó máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá fà, ẹrẹ̀ dúdú kan á yọ síwájú erékùṣù, ó gbòòrò, ó ń dán, igi kankan ò sí lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ẹrẹ̀ yẹn, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, ni mángróòfù ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tí gbòǹgbò wọn ń ti ara igi na ẹsẹ̀ wọ inú omi, àtàwọn tí gbòǹgbò wọn ń yọ ṣóńṣó jáde látinú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ mí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ẹnu òkun wọlé. Tí òjò bá dé, omi odò Ògùn àti odò Yewa á tì í padà, ọ̀sà á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tútù lásán.

Orí ẹrẹ̀ tó dà bíi pé ó ṣófo yẹn gan-an ni àwọn ẹyẹ ti ń jẹun. Tí August bá ti ń parí lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti àwọn ilẹ̀ òtútù, wọ́n á sì wà lọ́dọ̀ wa títí di nǹkan bíi April. Èyí tí ìdí ẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé bó ṣe ń rìn létí omi ni ìdí ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àwọn kan ń bọ̀ láti Siberia lọ́hùn-ún. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹnu ẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ wálẹ̀ níwájú, whimbrel ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ẹnu yẹn bá ihò alákàn mu rẹ́gí, àwọn alákàn kéékèèké tí ọwọ́ wọn kan tóbi ju ìkejì lọ, á ti ẹnu bọ inú ihò á sì fa alákàn jáde. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ irú ẹyẹ yìí ní Iceland, wọ́n rí i pé àwọn kan ń fò láti ibẹ̀ wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín nǹkan bíi ọjọ́ 5 láìbà síbì kankan, ọ̀nà tó tó 4,000 km tàbí jù bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá rí wọn, pé ẹyẹ tó rin irú ìrìn yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rù, ebi ń pa á, ibi tó sì gbójú lé láti jẹun ni ẹrẹ̀ tiwa yìí.

Ó dáa. Báwo la ṣe wá dé orí ọ̀rọ̀ igi gbígbìn?

Mángróòfù ẹ̀yìn erékùṣù ti ń kú. Àwọn kan nínú wọn, àwa la gé e, torí igi mángróòfù ń jó dáadáa, iná ẹ̀ gbóná, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹja yan dáadáa, gbogbo ẹni tó bá ń yan ẹja ló mọ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan tí wọ́n kú sórí ìdúró, tí ewé tán lára wọn. Gbogbo ayé ní igi gígé ló fà á. Bí àwọn tó fẹ́ fún wa lówó ṣe dé nìyẹn, wọ́n ní àwọn á fún wa ní owó tó pọ̀ díẹ̀, àmọ́ a gbọ́dọ̀ gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, a sì gbọ́dọ̀ gbìn ín kí oṣù méjì kan tó pé.

Níbo la máa gbìn ín sí? Ibi tí igi ti kú lẹ́yìn erékùṣù, ẹbí méjì ló ń jà lé e lórí, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ẹrẹ̀ iwájú ò lólówó, kò sẹ́bí tó ní òun lòun ni ín, ọkọ̀ lè dé ibẹ̀, fọ́tò á sì dáa níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe yàn án. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa, torí mo ti wá bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: wọn ò yan ẹrẹ̀ nítorí pé igi á hù níbẹ̀, wọ́n yàn án nítorí pé kò ní bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà.

Bàbá kan wà, àgbà apẹja, ó wá sí ìpàdé, ó jókòó sẹ́yìn, ó jẹ́ kí gbogbo èèyàn sọ tẹnu wọn tán. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn ín sí yìí, ṣé ẹnì kan nínú yín ti rí igi níbẹ̀ rí? Tí igi bá máa ń hù níbẹ̀, ṣé kò ní ti hù kí wọ́n tó bí yín?” Wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, wọ́n ní ẹ ṣeun bàbá, a ti gbọ́, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Àwọn ìyá tó ń ṣa ìṣáwùrú àti alákàn lórí ẹrẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n sí ìpàdé rárá. Ó dùn mí títí dòní, torí àwọn ló mọ ẹrẹ̀ yẹn jù, wọ́n mọ ibi tó le, wọ́n mọ ibi tó máa ń gbé èèyàn mì dé orúnkún, wọ́n mọ wákàtí tí omi máa bò ó.

Ọjọ́ 26 oṣù July la gbìn ín, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ mángróòfù lágbàáyé. Ẹ wo July ní Èkó: òjò ti rọ̀ gan-an, ọ̀sà kún, omi odò ń ya wọlé. Àyájọ́ ló yan ọjọ́ fún wa, omi ọ̀sà kọ́. Àwọn èèyàn ńlá wá, wọ́n wọ bàtà òjò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ló kù sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbìn títí ilẹ̀ fi ṣú, tayọ̀tayọ̀ ni o, wọ́n ń kọrin, mi ò ní gbàgbé. Wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n ta okùn, wọ́n fi àwọ̀n àtijọ́ yí gbogbo ẹ̀ ká kí ọkọ̀ má bàa gùn ún.

Ìyà tó jẹ igi yẹn ò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ewéko orí omi tó máa ń bá omi òjò wọlé, èyí tí òdòdó ẹ̀ jẹ́ àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth (láti nǹkan bíi 1984 ló ti gba ọ̀nà omi Badagry wọ Nàìjíríà), ó gbára jọ bí ẹní, ó gùn orí àwọ̀n, ó sì tẹ àwọn igi kéékèèké yẹn mọ́lẹ̀. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, omi bò ó mọ́lẹ̀ pẹ́ jù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wá dé tí iyọ̀ padà sínú omi, àwọn nǹkan líle wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara àwọn tó kù, wọ́n wúwo, wọ́n dojú bolẹ̀. Mo máa ń lọ kà wọ́n tí omi bá fà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa wà tí mo máa rí ewé méjì tútù lórí ọ̀kan, inú mi á dùn, tí mo bá padà dé, ó ti lọ.

Kí n tó kúrò lórí èyí, ohun tó dùn mí ju igi lọ ni okùn yẹn. Mo rí ẹyẹ kan tó há sínú àwọ̀n, ó ti kú, omi ti gbé e lọ gbé e bọ̀ títí ìyẹ́ ẹ̀ fi já. Àwọn tó kù ò bà síbẹ̀ mọ́, torí irú ẹyẹ yìí kì í fẹ́ ibi tí nǹkan bá dúró gbọngbọn tí wọn ò ní rí àṣá tó bá ń bọ̀ lókèèrè. January tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo kà wọ́n, apá ibi tá a gbin igi sí ṣófo pátápátá. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ ò sọ nǹkan kan, ó ṣáà jẹ́ kí ọkọ̀ máa léfòó lórí omi títí mo fi ṣe tán.

Àwọn tó fún wa lówó wá béèrè ìròyìn. Wọ́n ní kí n kọ iye igi tá a gbìn. Mo ní mo ti kọ ọ́, iye tó yè náà nìyí. Wọ́n ní wọn ò béèrè ìyẹn, fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún un. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fún wa ní igi míì ká tún un gbìn, síbi kan náà! Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbà, torí owó ojúmọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì lè bá wọn wí, ebi kì í ṣeré. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ìwé tí mo ti kà. Ní Philippines, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ná owó ńlá sórí mángróòfù gbígbìn, nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì kan, Primavera àti Esteban, wò ó ní 2008 wọ́n rí i pé èyí tó ń yè lápapọ̀ ò ju 10 sí 20% lọ, ohun tó sì fà á jù ni pé ibi tí ò yẹ igi ni wọ́n ń gbìn ín sí, irú igi tí ò yẹ ni wọ́n sì ń gbìn. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá níbi ìpàdé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e pọ̀. Ẹnì kan wá ní, àṣé kì í ṣe àwa nìkan.

Bàbá yẹn ló mú mi rin ẹ̀yìn erékùṣù. Ó ti bá àwọn ẹbí méjèèjì sọ̀rọ̀ pé òun àti ọmọ kan kàn fẹ́ wo omi ni. A rìn dé ibi tí wọ́n ti fi yanrìn kún ilẹ̀ ṣe ọ̀nà ọ̀kadà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá dúró, ó fi ọ̀pá tọ́ka, ó ní, “Ibí yìí ni ẹnu odò kékeré tó máa ń gbé omi wọ inú igbó.” Yanrìn ti dí i pa. Lẹ́yìn ọ̀nà yẹn, omi dúró sójú kan, ó ń rùn, kò lè jáde, gbogbo gbòǹgbò ṣóńṣó tí àwọn igi fi ń mí sì wà nísàlẹ̀ omi. Igi ń rì láti ọdún tí wọ́n ti ṣe ọ̀nà yẹn wá, àwa ń pariwo igi gígé.

Ohun tí Robin Lewis, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Florida, fi ayé ẹ̀ sọ nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀nà omi ṣe, igi á wá fúnra ẹ̀. Mángróòfù kì í dúró níbi tí omi bá bò ju bó ṣe yẹ lọ, apá òkè, láàárín ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún àti ibi tó ń fà dé, ni ilé ẹ̀. Ó sì mọ bó ṣe ń rìnrìn àjò. Èso èyí tí gbòǹgbò ẹ̀ na ẹsẹ̀ yẹn, orí ìyá ẹ̀ ló ti ń hù, ó máa ń gùn wálẹ̀, tó bá já, á bá omi lọ títí á fi rí ibi tó bá a lára mu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ilẹ̀ yín rèé, kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹ lọ bá bírikìlà, ẹ yá rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń wo bóyá ilé dọ́gba, ẹ bu omi sínú ẹ̀. Ẹ fi orí kan síbi tí mángróòfù tó yè dáadáa wà, ẹ fi orí kejì síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn, omi inú rọ́bà á fi hàn yín bóyá ilẹ̀ méjèèjì ga bákan náà. Tó bá jìn, ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú igi tẹ́ ẹ fàmì sí. Nígbà tá a fi wọn ẹrẹ̀ iwájú, ó rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ igi tó yè lọ débi pé àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ní ká lọ tú okùn yẹn kúrò. A tú u. A kó gbogbo àwọ̀n kúrò, a ò fi ìkankan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí méjèèjì ló pẹ́ jù, ó pẹ́ ju gbígbẹ́ ilẹ̀ lọ. A ò ní kí wọ́n parí ìjà, a kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí omi kọjá, pé omi tó bá kọjá ò sọ ilẹ̀ di ti ẹnì kankan. Baálẹ̀ ló bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ka sí i. A wá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹnu odò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ri páìpù ńlá sábẹ́ ọ̀nà kí ọ̀kadà lè máa kọjá. Òórùn tó jáde lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ ṣàn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òjò lọ tó tún bọ̀, èso mángróòfù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra wọn, àwọn onígbòǹgbò ṣóńṣó ló kọ́kọ́ dúró. A ò gbin ẹyọ kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀bọ̀kún kéékèèké ti ń wọ inú ẹ̀, àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí i.

Ọ̀rọ̀ igi ìdáná náà, ẹ má bú àwọn ìyá. Ẹ wá ààrò Chorkor fún wọn, èyí tí wọ́n ṣe ní Ghana, ó ní àtẹ tó ń gorí ara wọn, kì í jẹ igi púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí èéfín pọ̀ lójú wọn. Ìyá mi ń lo ọ̀kan báyìí, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ka ẹyẹ: January ni kẹ́ ẹ kà á, torí oṣù yẹn ni wọ́n ń ka ẹyẹ omi káàkiri ayé, láti 1967 ni, Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 1991, tẹ́ ẹ bá fi iye tiyín ránṣẹ́ ó máa wúlò. Ẹ má kà wọ́n nígbà tí omi bá fà tí wọ́n fọ́n káàkiri, ẹ jẹ́ kí omi kún, wọ́n á kó ara wọn jọ sí ibi gíga kan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kà wọ́n láti inú ọkọ̀, ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má dá lọ sórí ẹrẹ̀. Ẹ mú pákó pẹlẹbẹ dání, ẹ bọ́ bàtà òjò yẹn sílẹ̀ torí tó bá há, ẹsẹ̀ yín náà há nìyẹn, kẹ́ ẹ sì bá ìyá kan tó ń ṣa ìṣáwùrú lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni yanrìn. Àwọn kan ti ń wo ẹrẹ̀ iwájú yẹn pé àwọn fẹ́ fi yanrìn kún un kí wọ́n tà á ní pulọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi tiwa yìí lọ tààrà dé Porto-Novo. Àwọn ará Benin ti fi orúkọ àwọn ọ̀sà tiwọn sínú ìwé Ramsar, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì lágbàáyé sí, láti 2000. Nàìjíríà ní ibi 11 nínú ìwé yẹn, kò sí ìkankan lára ọ̀sà Èkó tàbí ti Badagry. Nítorí náà ohun tá a ní lọ́wọ́ ni àkọsílẹ̀ tiwa. A ti ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Baálẹ̀, ọ̀kan wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ olórí àwọn ìyá tó ń ṣa ìṣáwùrú, iye ẹyẹ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n bà sí wà níbẹ̀, orúkọ gbogbo ìyá tó ń rí owó ilé ìwé ọmọ látinú ẹrẹ̀ yẹn náà wà níbẹ̀. Ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ kún un máa wáyé lẹ́yìn òjò. Àwọn ìyá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ni wọ́n sì máa jókòó sí.